Epo Àjàṣẹ́ àti Ìbéèrè Marx

Tábìlì kpayo, epo mọ́tò tí wọ́n ń kó wọlé lẹ́yìn aṣọ́bodè, kò ṣòro í rí ní Àjàṣẹ́, ìlú kan ní Benin tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Láti Ọjà Ouando títí dé ọ̀nà tó lọ sí Adjarra, wọ́n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì: pákó mélòó kan tí wọ́n kàn pọ̀, ìgò ọtí tí wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n sì rọ epo mọ́tò sí, ìgò ńlá oníkùn nílẹ̀, àrọ kan, àti àkísà funfun tí wọ́n fi ń sẹ́ ìdọ̀tí. Ọlọ́kadà, zémijàn là ń pè é níbí, á dúró, á ní kí wọ́n bu lítà kan fún òun. Obìnrin tó ń tà á á gbé ìgò náà sókè sí oòrùn kí oníbàárà rí i pé omi kò sí nínú rẹ̀, á sẹ́ ẹ gba inú àrọ sí táǹkì, á gba owó, á yíjú sí ẹlòmíràn.

Nàìjíríà ni epo yìí ti ń wá. Ó ń gba ẹ̀yìn aṣọ́bodè, ó ń gba orí omi, ó ń gba ẹ̀yìn alùpùpù tí wọ́n di kẹ́ẹ̀gì mọ́ lọ́tùn-ún lósì. Kó tó dórí tábìlì yẹn, ó ti kọjá lọ́wọ́ ẹni tó ní ọkọ̀ ojú omi, ẹni tó ní ilé tí wọ́n ń kó o pamọ́ sí, ẹni tó ń gbé e, àti ẹni tó ń fún àwọn olùtà lọ́jà láwìn. Ohun tí mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ wò ni ìpele tí obìnrin yìí wà láwùjọ. Ṣé òṣìṣẹ́ ni, àbí oníṣòwò? Ọjà rẹ̀ ló ń tà, kò sí ọ̀gá tó ń bi í léèrè ìdí tó fi pẹ́ dé. Síbẹ̀, bí àìsàn bá dá a dúró nílé lọ́jọ́ mẹ́ta, ebi wọlé nìyẹn.

Karl Marx, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí ní 1818 tó sì kú sí London ní 1883, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí irú ìbéèrè báyìí. Ó ní ká má tìtorí iye tó wà lápò ènìyàn sọ ìpele rẹ̀. Ká wo ọ̀nà tó ń gbà jẹun. Ta ló ni ilẹ̀, ta ló ni ẹ̀rọ, ta ló ni owó òwò? Ta ni kò ní nǹkan mìíràn láti tà ju agbára apá rẹ̀ lọ? Ẹni tó ni ẹ̀rọ á gba ẹni tó ní apá síṣẹ́, á san owó tí onítọ̀hún yóò fi jẹun tí yóò fi lè padà wá lọ́la. Ṣùgbọ́n ohun tí òṣìṣẹ́ náà ṣe láàárín ọjọ́ kan ju owó ọ̀yà rẹ̀ lọ. Àlékún yẹn ni olówó ń kó. Ìwé Das Kapital, tí ìdìpọ̀ rẹ̀ kìíní jáde ní 1867, ni Marx ti tú àṣírí àlékún yìí. Ó gbà pé ìjà lórí rẹ̀ ló ń ti ìtàn síwájú, àti pé bí kápítálísìmù ṣe ń dàgbà ni àwùjọ yóò máa pín sí méjì, àwọn díẹ̀ tó ní àti ọ̀pọ̀ tí kò ní; àwọn oníṣòwò kékeré àárín yóò máa já bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tí kò ní.

Ìdìpọ̀ kẹta ìwé náà kò jáde títí di 1894, nígbà tí Engels ọ̀rẹ́ rẹ̀ tò ó jọ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Orí tó kẹ́yìn ibẹ̀ ni Marx ti fẹ́ sọ ohun tí ìpele jẹ́ gan-an. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló kọ, ìwé sì dúró síbẹ̀. Púpọ̀ nínú àríyànjiyàn tí àwọn onímọ̀ ìbágbépọ̀ ti ń ṣe láti ìgbà náà, orí tí kò parí yẹn ni wọ́n ń bá a fà, àwọn kan láti parí rẹ̀, àwọn mìíràn láti fi hàn pé bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni kò jẹ́ kó ṣeé parí. Àjàṣẹ́ ní ẹ̀rí tirẹ̀ láti mú wá sínú ẹjọ́ yìí, ó sì pọ̀.

Kí epo mọ́tò tó dé, epo pupa àti èkùrọ́ ló ń gbọ́ bùkátà ìlú. Nígbà Ọba Toffa, tó wà lórí oyè láti 1874 sí 1908, àwọn ilé òwò òyìnbó létí ọ̀sà ló ń rà á, àwọn ọlọ́lá àti oníṣòwò ìlú, Yorùbá, Gùn àti Àgùdà, ló sì ń dúró láàárín òyìnbó àti àgbẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba Faransé, tó ti gba àkóso ìlú, fẹ́ owó sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1923 wọ́n fi kún owó orí, ìlú sì kọ̀. Àwọn ènìyàn pé jọ lọ́pọ̀ yanturu, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni dáṣẹ́ sílẹ̀, ìyanṣẹ́lódì dé èbúté Kútọnu, àwọn abúlé tó yí Àjàṣẹ́ ká ní àwọn kò san kọ́bọ̀. Gómìnà Gaston Fourn kó sójà wọ̀lú, ó sì kéde òfin ìgbà ogun. Lára àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi ni Louis Hunkanrin, ọmọ bíbí Àjàṣẹ́, olùkọ́ àti akọ̀ròyìn, ẹni tó ti bá agbẹjọ́rò ará Guadeloupe kan, Max Bloncourt, dá ìwé ìròyìn Le Messager Dahoméen sílẹ̀ ní Paris ní 1920. Wọ́n lé Hunkanrin lọ sí Mauritania fún ọdún mẹ́wàá.

Ẹni tó bá ń fi ojú Marx nìkan wò ó yóò ní ẹjọ́ ti tán: owó orí, òṣìṣẹ́, ìyanṣẹ́lódì, sójà. Ṣùgbọ́n wo àwọn tó wà nídìí rẹ̀. Sognigbé, ọmọ ọba láti ìdílé tí oyè fò kọjá, wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n sì lé òun náà kúrò nílùú. Àwọn Mùsùlùmí ìlú ti pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ ìmáàmù, apá kan ń bá ìjọba lọ, apá kejì ń bá àwọn alátakò lọ. Ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn tí Hunkanrin dá sílẹ̀ àti ìgbìmọ̀ àwọn Mùsùlùmí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àwọn alátakò ti ń pàdé. Nígbà tí John Ballard kọ ìtàn ọ̀rọ̀ yìí sínú Odù, ìwé àtìgbàdégbà Yunifásítì Ifẹ̀, ní 1965, òṣèlú ìlú, pẹ̀lú ìjà ààfin àti ìjà mọ́ṣáláṣí, ló gbé síwájú.

Níbí ni Max Weber ti wọlé. Ọmọ Jámánì lòun náà, ó kú ní 1920, ìwé ńlá rẹ̀ lórí ọrọ̀ ajé àti àwùjọ sì jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀. Weber gbà pé ohun ìní ń pín ènìyàn sí ìpele, ṣùgbọ́n ó ní òun nìkan kọ́. Iyì wà: ìdílé tí a ti bí ọ, ẹ̀sìn rẹ, ẹni tí o lè bá jókòó jẹun, ẹni tí o lè fẹ́. Ẹgbẹ́ wà pẹ̀lú: àwọn tó kóra jọ láti gba àṣẹ, tí olówó àti aláìní lè jọ wà nínú rẹ̀. Ọmọ ọba tí kò ní oko kankan lè níyì ju oníṣòwò tó ń yá a lówó. Kò sí Yorùbá tí wọ́n ní láti kọ́ ní èyí.

Síbẹ̀, èmi kò gbà pé Weber gba ẹjọ́ 1923 lọ́wọ́ Marx. Ìdílé Sognigbé ti ń binú tipẹ́, mọ́ṣáláṣí ti pín tipẹ́, ìlú kò sì dìde. Owó orí ló gbé e dìde. Ohun tí oyè àti ẹ̀sìn ṣe ni pé wọ́n fún ìbínú náà ní olórí, ibi ìpàdé àti ẹni tí a lè fọkàn tán. Òṣìṣẹ́ èbúté kò ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gidi nígbà náà. Ìdílé àti mọ́ṣáláṣí ni ẹgbẹ́ tó wà. Ẹni tó bá yọ ọ̀kan kúrò nínú méjèèjì kò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, òṣèlú Dahomey, orúkọ tí Benin ń jẹ́ nígbà náà, bọ́ sọ́wọ́ àwọn mẹ́ta: Sourou Migan Apithy ti Àjàṣẹ́, Justin Ahomadégbé ti ìhà Abomey, Hubert Maga ti àríwá. Ìbò kì í ṣe ti òṣìṣẹ́ tàbí ti olówó, ti agbègbè ni. Ọ̀tẹ̀ ológun tẹ̀ léra wọn láti 1963, títí tí wọ́n fi ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ṣe ààrẹ ní ọdún méjì-méjì. Ìpele kan ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìpele àwọn tó kàwé.

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ìwé kíkà yìí, nítorí Marx kò kà á sí bí ó ṣe yẹ. Dahomey kò ní wúrà, kò ní kòkó tó Ivory Coast. Ohun tó ń kó ránṣẹ́ sí gbogbo ilẹ̀ Faransé ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni akọ̀wé. Ní iléèwé girama Victor Ballot ní Àjàṣẹ́, èyí tó ń jẹ́ Lycée Béhanzin lónìí, ni ọ̀pọ̀ wọn ti jáde. Akọ̀wé, olùkọ́, òṣìṣẹ́ relúwéè, Dakar dé Niamey dé Abidjan. Pierre Bourdieu, ọmọ Faransé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ní Algeria, pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ọrọ̀ ìmọ̀: ìwé ẹ̀rí, èdè tó dán lẹ́nu, ìwà tí iléèwé fi kọ́ni, ohun tí ènìyàn lè fi lé ọmọ lọ́wọ́ bí ẹni fi ilẹ̀ sílẹ̀. Ọrọ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan: ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ní oṣù Ọ̀wàrà 1958, àwọn ará Abidjan dìde sí àwọn ará Dahomey àti Togo, wọ́n lé wọn. Wọ́n padà sí Kútọnu àti Àjàṣẹ́ tìwé-tìwé, iṣẹ́ kò sì sí fún wọn àfi ti ìjọba. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ìjọba ti di ohun tí gbogbo ilé ń jà lé lórí.

Ìjọba yẹn ni Mathieu Kérékou àti àwọn sójà ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà ní ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀wàrà 1972. Ní ọjọ́ 30 oṣù Bélú 1974, ní pápá Goho ní Abomey, ó kéde pé ẹ̀kọ́ Marx àti Lenin ni orílẹ̀-èdè yóò máa tẹ̀ lé. Ọdún kan géérégé lẹ́yìn náà, Dahomey di Benin, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo, PRPB, sì gba gbogbo àṣẹ. Ìjọba gba báńkì, ó gba ìbánigbófò, ó gba iléèwé àwọn míṣọ́nnárì. Ó gbógun ti àwọn ọba àti olórí ẹbọ pé aninilára àtijọ́ ni wọ́n. Ó gba epo mọ́tò pẹ̀lú: 1974 yẹn náà ni wọ́n dá Sonacop sílẹ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba tó gba títa epo lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè. Lẹ́yìn náà, lápá ilẹ̀ Yorùbá wa ní Benin, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì sí Onigbolo lẹ́bàá Pobè, wọ́n kọ́ ti ṣúgà sí Savè, pẹ̀lú owó Nàìjíríà nínú méjèèjì. Òṣìṣẹ́ irú èyí tí Marx ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wá wà nílẹ̀ wa lótìítọ́, ọ̀gá wọn sì ni ìjọba tó ń pe ara rẹ̀ ní ti òṣìṣẹ́.

Ta ló wá ni èrè? Nínú òfin, gbogbo ará ìlú. Lójú ayé, ẹni tí òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀: ẹni tó ń buwọ́ lùwé, tó ń yan ẹni tí wọ́n máa gbà síṣẹ́, tó lè ní kí báńkì yá ọ̀rẹ́ òun lówó tí ẹnikẹ́ni kò sì ní bèèrè ẹ̀rí. Ọkùnrin kan ti rí èyí tẹ́lẹ̀ níbòmíràn. Milovan Djilas jẹ́ ọ̀kan lára àwọn igbákejì Tito ní Yugoslavia kí wọ́n tó jọ jà. Ní 1957, ìwé rẹ̀ jáde lórí ìpele tuntun: ó ní àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ti di ìpele kan fúnra wọn, wọn kò ní ilé iṣẹ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń lò ó, wọ́n ń gbádùn rẹ̀, wọ́n sì ń pín in. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi san án fún un. Ọdún kan náà ni Ralf Dahrendorf, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ọmọ Jámánì, kọ ìwé tirẹ̀ pé àṣẹ ló ń pín ènìyàn sí méjì, ẹni tó ń pàṣẹ àti ẹni tí à ń pa á fún; ohun ìní wulẹ̀ jẹ́ ọ̀nà kan láti dé ìdí àṣẹ. Èmi kò rí ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti bá ilé mu tó Benin láàárín 1974 àti 1989.

Báńkì ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbẹ ní 1988 sí 1989. Àwọn ẹni ńlá kò san gbèsè wọn, ẹni tó fi owó pamọ́ síbẹ̀ kò rí i gbà, olùkọ́ lo oṣù lórí oṣù láìgba owó. Akẹ́kọ̀ọ́ jáde ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1989, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba tẹ̀ lé wọn. Lára àwọn tó ti ń bá Kérékou jà ní ìkọ̀kọ̀ ni Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì Dahomey, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìparí 1977. Wọ́n ní ìjọba yìí kò mọ Marx rí, ọ̀pọ̀ wọn sì ṣẹ̀wọ̀n nítorí rẹ̀. Ìjà ìpele, ojúlówó rẹ̀, ló wó ìjọba tó fi ìjà ìpele ṣe orin fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní oṣù Ọ̀pẹ 1989 Kérékou jáwọ́ nínú ẹ̀kọ́ náà, nígbà tó sì di oṣù Èrèlé 1990, àpérò gbogbogbò jókòó ní Kútọnu lábẹ́ àṣẹ Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza, wọ́n sì dá ìjọba tiwa-n-tiwa padà.

Paulin Hountondji, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ọmọ Benin, wà ní àpérò náà. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Louis Althusser ní Paris, ó mọ Marx ní àmọ̀dunjú, nítorí náà ni kò ṣe lè fara mọ́ Marx tí wọ́n ń há sórí bí kátíkísìmù. Ó gba èrò Samir Amin, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ Íjíbítì, pé kápítálísìmù ti yí ojú ọrọ̀ ajé Áfíríkà sí òkèèrè, ó sì fi wo ìmọ̀ fúnra rẹ̀. Lójú rẹ̀, a ń ṣa ẹ̀rí jọ níbí bí ẹni ṣa èkùrọ́, òkèèrè ni wọ́n ti ń fún òróró rẹ̀, wọ́n á wá tà á padà fún wa ní tíọ́rì. Àjàṣẹ́ ló wá dá ibùdó ìmọ̀ gíga rẹ̀ sí, ó sì kú ní oṣù Èrèlé 2024. Mo rò pé ìjọba Kérékou fúnra rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ ohun tí Hountondji ń sọ: wọ́n kó ìdáhùn wọlé láti òkèèrè, wọn kò kó ìbéèrè wá. Marx alára kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1881, nígbà tí Vera Zasulich, ọmọ Rọ́ṣíà kan, bi í léèrè bóyá Rọ́ṣíà gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà kan náà tí England gbà, ó dá a lóhùn pé Ìwọ̀ Oòrùn Europe nìkan ni àlàyé inú Das Kapital lórí bí wọ́n ṣe gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ kàn.

Ohun tó dùn mí ni pé nígbà tí a da orúkọ Marx nù ní 1990, a da ìbéèrè rẹ̀ nù mọ́ ọn. Àpérò náà sọ̀rọ̀ òmìnira, ìbò àti òfin, ó sì ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ọdún wọ̀nyẹn gan-an ni ìlú ń yí padà lójú wa. Olùkọ́ tí kò gbowó di zémijàn. Ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì di zémijàn. Ìyàwó akọ̀wé gbé tábìlì kpayo síta. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1994 wọ́n gé owó sẹ́fà sí méjì, gbogbo ọjà òkèèrè gbówó lórí, epo Nàìjíríà sì túbọ̀ dùn. Ní 1999 ìjọba ta ìpín tó pọ̀ jù nínú Sonacop fún aládàáni. Epo ti ti ọwọ́ òyìnbó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba, ó ti ti ọwọ́ ìjọba bọ́ sọ́wọ́ olówó, obìnrin tó wà nídìí tábìlì kò sì kúrò nídìí tábìlì.

Marx ti ní irú àwọn oníṣòwò kékeré yìí yóò pòórá. Wọn kò pòórá, wọ́n pọ̀ sí i. Keith Hart, ọmọ England tó gbé láàárín àwọn ará àríwá Ghana ní àdúgbò Nima ní Accra, kọ̀wé ní 1973 pé àwọn tí ìjọba ń pè ní aláìníṣẹ́ ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Iṣẹ́ tí kò sí nínú ìwé ìjọba ni. Ọ̀rọ̀ náà tọ́, ó sì bọlá fún wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbà á lẹ́nu rẹ̀ sọ ọ́ di ìyìn lásán: wọ́n ń pe zémijàn ní ọ̀gá ara rẹ̀, wọ́n ń pe oníkpayo ní olùdásílẹ̀ òwò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀gá ara rẹ̀ yìí. Ká ní alùpùpù jẹ́ ti ẹlòmíràn, tí zémijàn sì gbọ́dọ̀ san 2,000 sẹ́fà fún onítọ̀hún lójúmọ́. Bó bá pa 5,000, tó fi 1,500 ra epo, 1,500 ló kù fún un. Bí òjò bá wá rọ̀ lọ́la tó pa 3,500 lórí epo kan náà, alálùpùpù á gba 2,000 rẹ̀ pé, epo á gba 1,500 rẹ̀ pé, ẹni tó jókòó sórí ìjókòó látàárọ̀ á lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Manchester tí Marx ṣàánú rẹ̀ kì í jẹ irú ìyà yìí. Bí ọjà kò bá tà lọ́jọ́ kan, olówó ló kọ́kọ́ pàdánù. Ní Àjàṣẹ́, olówó ti yọ ara rẹ̀ nínú ewu, ó gbé e lé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí. Bákan náà ni lórí tábìlì: ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì wá láwìn á gba owó rẹ̀, ìyá kò báà tà á, epo kò báà dà nù. Èésú ló ń gbà wọ́n, kì í ṣe báńkì.

Ní ìparí oṣù Èbìbí 2023, Ààrẹ Tinubu kéde ní Àbújá pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, kpayo fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ní Àjàṣẹ́. Àwọn tó ní epo nínú ilé ìkẹ́rùsí lọ́jọ́ náà jèrè ńlá láìgbé ẹsẹ̀. Zémijàn fi kún owó ọkọ̀, àwọn èrò kò lè san án, ọ̀pọ̀ sì ń fẹsẹ̀ rìn. Ní ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún kan náà, ilé ìkẹ́rùsí epo kan gbiná ní Sèmè-Kraké lẹ́bàá ẹnubodè. Ó ju ọgbọ̀n ènìyàn tó kú síbẹ̀, níbi tí ọkọ̀, alùpùpù àti kẹ̀kẹ́ ti ń wá rọ epo. Àwọn tó ń rọ̀ ọ́ àti àwọn tó ń gbé e wà níbẹ̀ nígbà tó gbiná.

Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí, tábìlì ni ọ̀rọ̀ ìlú máa ń dá lé: kí wọ́n kó tábìlì kúrò, kí wọ́n kọ́ obìnrin níṣẹ́ mìíràn. Kí wọ́n ṣe é bó bá ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n mo ń retí ọjọ́ tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, tó wà ní Àjàṣẹ́ níhìn-ín gan-an, ìrìn díẹ̀ sí àwọn tábìlì wọ̀nyí, yóò bèèrè orúkọ àwọn tó ni ilé ìkẹ́rùsí àti ọkọ̀ ojú omi, iye tí wọ́n ń jẹ lórí lítà kan, àti iye tó ń ku sọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.